Bí a ṣe ń dá òkúta ẹfun oníṣan mọ̀, àti bí a ṣe ń lò ó fún ọ̀ṣọ́ ilé

Ọ̀pọ̀ òkúta dídán tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ mábù ni kì í ṣe mábù lójú onímọ̀ nípa òkúta. Òkúta ẹfun ni wọ́n, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní láìmúsítóònù, àfi pé ó le ju irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì lọ, ó sì ṣeé fá títí ojú rẹ̀ yóò fi máa dán bíi dígí. Ohun tó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ ni iṣan tó fọ́n ká inú rẹ̀, funfun lórí dúdú, àwọ̀ wúrà lórí dúdú, tàbí funfun lórí pupa. Iṣan wọ̀nyí ni ẹni tó ra òkúta náà ń sanwó fún, ojú iṣan wọ̀nyí kan náà sì ni òkúta náà ti ń fọ́. Ẹni tó bá ti mọ èyí ti mọ ìdí tí a fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Oríṣi iṣan méjì ni ẹ ó máa bá pàdé. Èkíní ni iṣan tó kún fún kálísáìtì, ìyẹn èròjà tí òkúta ẹfun fúnra rẹ̀ fi pọ̀ jù. Lẹ́yìn tí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun àti ìkarahun ẹ̀dá inú omi ti dì di òkúta, ilẹ̀ tó ń yí padà mú kí òkúta náà sán. Omi tó ní èròjà ẹfun nínú wá gba ojú sísán náà kọjá, ó sì ń fi kálísáìtì funfun sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àlàfo náà fi dí. Èkejì ni ìlà tó rí wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ayùn, tí ó sábà máa ń dúdú, pupa tàbí kí ó ní àwọ̀ ìpẹtà. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ilẹ̀ ló mú kí ẹfun yọ́ kúrò níbẹ̀, tí amọ̀ àti èròjà irin tí kò lè yọ́ sì ṣẹ́kù bí awọ tín-ínrín. Irú èkejì yìí ló yẹ kí a ṣọ́ra fún jù, nítorí pé amọ̀ kì í di òkúta mú bí kálísáìtì ṣe ń dì í mú, ó sì máa ń fa omi.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ ìdílé tí òkúta náà ti wá

Kí ẹ tó fọwọ́ kan òkúta kankan, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti wà á, nítorí pé orúkọ kan lè sọ ìwà òkúta náà fún yín. Nero Marquina wá láti agbègbè Markina ní ilẹ̀ Basque ní Sípéènì. Ìyókù ẹ̀dá alààyè tó jẹrà sínú ẹrẹ̀ ayé àtijọ́ ló mú un dúdú, iṣan rẹ̀ sì funfun. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ lè rí àpá ìkarahun rudist nínú rẹ̀, ẹ̀dá inú òkun kan tí kò sí láyé mọ́. Portoro dúdú bákan náà, ṣùgbọ́n iṣan tirẹ̀ ní àwọ̀ wúrà; àyíká Portovenere àti erékùṣù Palmaria, lẹ́bàá La Spezia ní Ítálì, ló ti wá. Rouge du Languedoc, tó pupa tí funfun sì ya á lára, wá láti Caunes-Minervois ní gúúsù Faransé, òun sì wà lára òkúta tí ọba Louis XIV fi ṣe Grand Trianon ní Versailles lọ́ṣọ̀ọ́ ní 1687. Èyí tí wọ́n ń pè ní mábù Tennessee ní Amẹ́ríkà, tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tó sì kún fún ìlà wọ́gọwọ̀gọ, ni wọ́n fi bo ara ilé National Gallery of Art ní Washington, tí wọ́n ṣí ní 1941. Òun náà ni wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ gbọ̀ngàn ibùdókọ̀ ojú irin Grand Central ní New York, tí wọ́n ṣí ní 1913, tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ èrò sì ń tẹ̀ títí di òní. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òkúta ẹfun kò lè ru ẹsẹ̀ ènìyàn rárá kò tíì rí gbogbo rẹ̀.

Orúkọ nìkan kò tó ṣá o, torí àwọn ọlọ́jà máa ń fi orúkọ òkúta olókìkí pe èyí tó kàn jọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò

Etí òkúta ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Iṣan òkúta gidi máa ń la inú òkúta já: ohun tí ẹ rí lójú, ẹ ó rí i bí ó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́bàá etí, tí ó sì máa ń yọ lẹ́yìn lọ́nà tó jọ ti iwájú. Bí iṣan bá parí sí ojú nìkan, àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sórí táìlì alámọ̀ ni. Àmì mìíràn ni pé bí ẹ bá to táìlì mẹ́wàá sílẹ̀ tí ẹ sì rí méjì tí iṣan wọn bá ara mu láìku síbì kan, ẹ̀rọ ló ṣe é, nítorí ilẹ̀ kì í ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àfi ibi tí wọ́n bá la òkúta kan sí méjì bí ìwé tí a ṣí, níbi tí apá òsì yóò ti dà bí òjìji apá ọ̀tún. Ìyẹn kì í ṣe ayédèrú, iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wo ibi tó fọ́ tàbí tí wọn kò fá. Mábù gidi, tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ti tún dà, máa ń tàn yinrinyinrin bí ṣúgà, nítorí pé kálísáìtì inú rẹ̀ ti dàgbà di ẹyọ ńláńlá tó wọnú ara wọn. Òkúta ẹfun máa ń jọ̀lọ̀ láwọ̀ kan ṣoṣo, láìsí títàn bẹ́ẹ̀ àfi nínú iṣan rẹ̀, ó sì lè ní àpá ìkarahun nínú. Ní tèmi, ìkarahun ni ẹ̀rí tó dá mi lójú jù: ooru tó ń sọ òkúta ẹfun di mábù a máa pa irú àpá bẹ́ẹ̀ rẹ́, nítorí náà bí ẹ bá rí ìkarahun tó ṣì pé, tó ṣe kedere, òkúta ẹfun ni ẹ dì mú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ dán an wò

Ìdánwò méjì péré ló yẹ kí ẹ ṣe (òkúta dúdú nìkan ló ní ẹ̀kẹta), kí ẹ sì ṣe é lẹ́yìn òkúta tàbí lórí àjákù, kì í ṣe ní ojú rẹ̀ tó dán. Fún àkọ́kọ́, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ irin ha á. Líle kálísáìtì jẹ́ 3 lórí òṣùwọ̀n Mohs, èyí tí a fi ń wọn líle òkúta láti 1 dé 10, èékánná wà ní nǹkan bíi 2.5, irin ọ̀bẹ sì sún mọ́ 5.5; nítorí náà èékánná kò ní ran òkúta ẹfun, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ yóò fi ìlà funfun sílẹ̀ lára rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá ń yọ̀ lórí òkúta náà láìràn án, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ gírànáìtì, táìlì alámọ̀, tàbí òkúta àtọwọ́dá tí wọ́n fi yanrìn kúọ́sì àti rẹ́síìnì, ìyẹn àlẹ̀mọ́ olómi tó máa ń dì bí ike, pò.

Ìdánwò kejì ni ti omi kíkan. Ẹ kán ọtí kíkan tí a ń pè ní fínígà, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́, sí ibi tí ẹ ti ha. Òkúta ẹfun yóò máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nítorí pé ásíìdì ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì sílẹ̀ láti inú kálísáìtì. Ẹ gbé etí súnmọ́ ọn, ẹ lè gbọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ máa ń lo ásíìdì háídírókílọ́ríìkì tí wọ́n ti fi omi là dáadáa, èyí tó máa ń hó kíákíá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ìdáàbòbò ojú kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Bí òkúta náà kò bá hó lójú ṣùgbọ́n tí lẹ́búlẹ́bú tí ẹ ha kúrò lára rẹ̀ ń hó díẹ̀díẹ̀, dólómáìtì, èròjà kan tó jọ kálísáìtì, pọ̀ nínú rẹ̀. Mábù gidi náà a máa hó o. Nítorí náà ásíìdì kò lè ya òkúta ẹfun sọ́tọ̀ kúrò lára mábù. Ojú àti dígí ló ń ṣe ìyẹn.

Bí òkúta náà bá dúdú, ẹ fi aṣọ funfun tí ẹ rẹ sínú asitóònù, ìyẹn omi tí a fi ń nu ọ̀dà kúrò ní èékánná, nu igun rẹ̀ kan. Bí aṣọ náà bá dúdú, wọ́n ti pa òkúta náà láró tàbí kí wọ́n ti fi ìda dúdú kun ún láti bo àbùkù rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wá ibi tó ti lè fọ́

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù. Ẹ da omi sí ojú òkúta náà, kí ẹ sì nù ún. Ojú òkúta yóò tètè gbẹ, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti sán yóò ṣì dúró bí ìlà òkùnkùn tín-ínrín fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ fi èékánná gba ojú iṣan kọjá: iṣan tó dì dáadáa kì í gbé èékánná, ibi tó sán máa ń gbé e. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé òkúta náà dúró lórí igi, kí ẹ sì fi orí ìka tàbí igi kékeré kàn án láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohùn tó dún gbangba jẹ́ ti òkúta tó pé, ohùn tó kú jẹ́ ti èyí tó ti là nínú.

Bí ẹ bá rí àwọ̀n okùn dígí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn òkúta náà, tàbí rẹ́síìnì tó kún àwọn ihò rẹ̀, ẹ má sáré kọ̀ ọ́. Òkúta oníṣan púpọ̀, pàápàá Emperador aláwọ̀ búráùn láti Sípéènì, kì í sábà ṣeé gbé láìsí irú àtìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé òòrùn máa ń sọ rẹ́síìnì di yẹ́lò, torí náà irú òkúta bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ìta. Kí ẹ sì fúnra yín lọ wo òkúta tí ẹ máa rà, abala kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má gba àwòrán tàbí àjákù kékeré gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí ojú olójú kò dà bí ojú ẹni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yan ibi tó yẹ ẹ́

Ara ògiri inú ilé, ìdí dígí, àyíká ibi ìdáná ọ̀ṣọ́ (kì í ṣe inú ibi tí iná ti ń jó), orí tábìlì kékeré, àti ilẹ̀ yàrá tí kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ni ibi tó bá a mu jù. Orí tábìlì ilé ìdáná ni ibi tó burú jù fún un, nítorí pé ọsàn, tòmátò, wáìnì àti fínígà ni ọ̀tá rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti kán, dídán ibẹ̀ á kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í sì í ṣe àbàwọ́n tí a lè fọ̀, nítorí pé ásíìdì ti jẹ òkúta fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ níbẹ̀, kí ó yan ojú tí wọ́n fá jọ̀lọ̀ láìjẹ́ kí ó dán, torí pé àpá kì í hàn púpọ̀ lórí rẹ̀. Ní ìta gbangba, òkúta ẹfun dúdú máa ń ṣá di aláwọ̀ eérú bí òjò àti òòrùn bá ti ń pa á lọ́dọọdún. Níbi tí omi ti ń di yìnyín, omi tó wọ inú ìlà alámọ̀ yóò wú, yóò sì la òkúta náà.

Ẹ ṣírò ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú. Abala tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 2, tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 54. Bí ó bá nípọn sẹ̀ǹtímítà 3, ó lé ní kílógíráàmù 80. Ògiri tí kò lágbára kò lè gbé e, abala ńlá tó bá sì wà lókè gbọ́dọ̀ ní ìkọ́ irin tí kì í dípẹtà, ní àfikún sí àlẹ̀mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ gbé e, ẹ tò ó, ẹ gé e

Ìdúró ni a fi ń gbé abala òkúta, bí a ṣe ń gbé dígí. Bí ẹ bá gbé e ní ìbùbúlẹ̀, ìwúwo rẹ̀ yóò tẹ àárín rẹ̀, iṣan tó bá sì gba àárín kọjá níbẹ̀ ni yóò kán sí.

Ẹ kọ́kọ́ to gbogbo òkúta náà sílẹ̀ láìlo àlẹ̀mọ́, kí ẹ sì jìnnà sí i láti wò ó. Ẹ jẹ́ kí iṣan wọn máa ṣàn lọ sí apá kan, kí wọ́n má bàa dà bí ẹni tí ń jà. Ẹ fi èyí tí iṣan rẹ̀ pọ̀ jù sí ibi tí ojú kọ́kọ́ ń bọ́ sí, kí ẹ sì fi èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ rẹwà sí igun tí ẹ máa gé. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀, torí pé bí wọ́n bá dà rú, ẹ kò ní rántí.

Ayùn oní-dáyámọ́ńdì pẹ̀lú omi ni a fi ń gé e, omi náà sì ń dí eruku lọ́wọ́. Ẹ wọ ìbòmú síbẹ̀ náà. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ojú ìlà tí ẹ máa gé kí etí má bàa fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ gbé apá méjèèjì òkúta náà lé nǹkan kí èyí tí ń já má bàa wó kí ó tó gé tán, kí ẹ sì rọra tì í nígbà tí abẹ ayùn bá ń gba orí iṣan kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ gé ihò onígun mẹ́rin fún ibi ìfọwọ́, ẹ kọ́kọ́ lu ihò róbótó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé igun tó mú ṣóńṣó ni òkúta ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ ìlùhò tó ń lù bí òòlù, kí ẹ sì yẹ iṣan sílẹ̀ bí ẹ bá ń lu ihò.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ lẹ̀ ẹ́

Ilẹ̀ tàbí ògiri náà gbọ́dọ̀ gún, kí ó gbẹ, kí eruku má sì sí lójú rẹ̀. Fún òkúta tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, àlẹ̀mọ́ funfun ni kí ẹ lò, nítorí èyí tó ní àwọ̀ eérú lè yọ sójú òkúta bí òjìji. Ẹ fi irinṣẹ́ eléyín tẹ́ àlẹ̀mọ́ náà kí ó kárí, ẹ fi tín-ínrín sí ẹ̀yìn òkúta pẹ̀lú, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí kò fi sí afẹ́fẹ́ kankan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan máa ń kán àlẹ̀mọ́ sí igun mẹ́rin àti àárín nìkan kí iṣẹ́ lè yá. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ ibi tó ṣófo lábẹ́ iṣan, òkúta náà á kán, kò sì sí àtúnṣe fún un ju pé kí a hú u lọ. Àlàfo mílímítà 2 tàbí 3 láàárín òkúta kan sí èkejì ti tó.

Bí ẹ bá ti dí àlàfo tán, ẹ fi fóòmù tútù nu gbogbo sìmẹ́ńtì tó wà lójú òkúta kí ó tó gbẹ. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ó ti mọ́ àwọn tó ń tẹ́ táìlì lára láti fi ásíìdì fọ sìmẹ́ńtì gbígbẹ kúrò lójú iṣẹ́. Lórí táìlì alámọ̀, kò ṣe nǹkan kan. Lórí òkúta ẹfun, ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn tó láti pa gbogbo dídán rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ dáàbò bò ó, ẹ sì tọ́jú rẹ̀

Nígbà tí àlẹ̀mọ́ bá ti gbẹ pátápátá, ẹ fi oògùn ìdènà àbàwọ́n tó ń wọnú òkúta ra á, ẹ jẹ́ kí ó mu ún fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára agolo, kí ẹ sì nu àṣẹ́kù kúrò kí ó má bàa dì lójú òkúta. Láti mọ̀ bóyá ó tún nílò rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ kán omi sí i: bí omi bá wọlé tí ibẹ̀ sì ṣókùnkùn, àkókò ti tó. Oògùn yìí ń dí epo àti àwọ̀ lọ́wọ́ láti wọlé, ṣùgbọ́n kò lè dí ásíìdì lọ́wọ́ láti jẹ ojú òkúta, ohunkóhun tí ẹni tó ń tà á ìbáà wí.

Omi àti ọṣẹ tí kò ní ásíìdì nínú ti tó fún ìnùlẹ̀. Yanrìn ló ń ha á jù, torí pé líle kúọ́sì inú yanrìn jẹ́ 7. Ẹ tẹ́ ohun ìnusẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì gbá ilẹ̀ kí ẹ tó nù ún. Bí epo bá ta sí i, ẹ po pọ́ńdà funfun mọ́ omi ọṣẹ títí yóò fi ki, ẹ rẹ́ ẹ sí i, ẹ fi ọ̀rá bò ó di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì ṣí i kí ó gbẹ kí ẹ tó gbá a kúrò. Bí dídán ibì kan bá kú díẹ̀, ẹ fi ẹ̀tù ìdán òkúta tí a fi èròjà táńganran (tin oxide) ṣe, omi díẹ̀ àti aṣọ tó nípọn fi ọwọ́ gbo ó. Bí àpá náà bá jìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí pépà ìfá òkúta tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 400 (bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni pépà ń jọ̀lọ̀ sí i), kí ẹ lọ sí 800, sí 1500, sí 3000, pẹ̀lú omi, kí ẹ tó lo ẹ̀tù náà. Ẹni tó bá fo ọ̀kan nínú wọn yóò rí ìlà èyí tó ṣáájú nínú dídán náà, pàápàá lórí òkúta dúdú, tí àpá kékeré ti ń hàn bí ẹfun.

Ẹ tọ́jú àjákù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́. Lórí wọn ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán ọṣẹ tuntun, oògùn tuntun tàbí pépà tuntun wò kí ó tó kan èyí tó wà lára ilé.